Ilẹ̀kùn Kẹsàn-án àti Fìlà Pupa

Òjé ń yọ́ lábẹ́ irin gbígbóná tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà, èéfín tín-ín-rín ń gba iwájú imú rẹ̀ kọjá, nígbà tí ọkùnrin kan fi èjìká ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọlé. Obìnrin náà kò gbójú sókè. Okùn iná mẹ́ta ló kù tí yóò lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ tó ṣí kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀, iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti àárọ̀ bàjẹ́ nìyẹn.

"Ó yá, ẹ máa sọ ọ́," ni ó wí. "Ọwọ́ mi ló níṣẹ́, etí mi ṣófo."

Ọkùnrin náà kò fọhùn. Ó dúró sójú kan títí okùn kẹta fi lẹ̀, tí obìnrin náà fẹ́ atẹ́gùn sí i, tí ó sì gbé irin rẹ̀ kalẹ̀. Ìgbà náà ni obìnrin náà tó wò ó. Ọkùnrin gíga kan ni. Gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ ọrùn ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, òwú funfun kan há sí ẹ̀yìn etí rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀, ó sì gbá ẹrù kan tí a fi aṣọ ibùsùn wé mọ́ àyà bí ẹni pé ilé ìgbẹ̀bí ló ti ń bọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Mo rí i pé ẹ ń rán nǹkan lọ́wọ́."

"Mi ò ránṣọ. Òjé ni mò ń lẹ̀."

"Lójú tèmi, ọ̀kan náà ni. Èmi náà kì í fẹ́ kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ bí abẹ́rẹ́ mi bá ti wọ inú ìwé."

Aránwèé ni. Níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, òun ló ń rán àwọn ojú ìwé pọ̀, tó sì ń fi páálí le lẹ́yìn. Kì í kánjú, nítorí ìyẹn ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Obìnrin náà ń tún ẹ̀rọ ṣe, òun nìkan ló ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń pè é ní Ó-Yá, nítorí ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi orúkọ àbísọ wọn pè wọ́n mọ́, kò sì dun ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì.

Jẹ́jẹ́ tú aṣọ ibùsùn náà. Ẹ̀rọ géèmù dúdú kan ló wà nínú rẹ̀, igun rẹ̀ kan ti ha.

"Ó máa ń gbóná, lẹ́yìn náà á kú."

Ó-Yá tú nọ́ọ̀tì mẹ́fà, ó ṣí ìdérí, ó wo inú rẹ̀, ó wo ojú ọkùnrin náà. "Ìgbà wo lẹ ṣí i kẹ́yìn?"

"Mi ò ṣí i rí."

"Ó hàn. Eruku inú rẹ̀ yìí tó fi gbin tòmátì. Géèmù wo lẹ fi ń pa á lára tó báyìí?"

Ìbéèrè yẹn kò gba ju ọ̀rọ̀ kan lọ, ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ fà á gùn. Géèmù náà ń jẹ́ Alátùpà. Apá kìíní rẹ̀ jáde nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, apá kẹsàn-án jáde nígbà tí ó pé méjìlélọ́gbọ̀n, àwọn tó ń ṣe é sì ti sọ pé ìyẹn ni ìkẹyìn. Nínú gbogbo rẹ̀, arìnrìn-àjò kan jí nínú ilé ìlọkà àtijọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń lọ ọkà nígbà kan rí, pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́. Kùrukùru bo ilẹ̀ náà. Atukọ̀ arúgbó kan gbé e sọdá odò, ó sì rìn láàárín àwọn ẹranko abàmì àti àwọn ilé gogoro tó ti wó títí ó fi dé iwájú ilẹ̀kùn ńlá kan, níbi tí ọ̀tá ìkẹyìn wà. Apá kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Atukọ̀ kan náà ló wà nínú gbogbo wọn, ewú rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i láti apá kan sí èkejì.

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n gbá?" ni Ó-Yá bi í, tí ó ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku inú fáànù.

"Níwọ̀nba. Bí a bá kó ọgọ́rùn-ún èèyàn jọ, àádọ́ta máa mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ ju mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú wọn lọ."

Ó-Yá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀.

"Ẹ padà wá lọ́túnla," ni ó wí. "Òwú kan wà lẹ́yìn etí yín."

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ padà wá, ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Kò lọ kíá. Ó ń wo ìwé ńlá kan tó wà lórí tábìlì, tí wọ́n fi rọ́bà méjì dì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já pátápátá. Ìwé tí Ó-Yá fi kọ́ṣẹ́ ni. Ilé ẹ̀kọ́ kan ló fi í ránṣẹ́ sí i láti òkèèrè, ẹ̀kọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, òun nìkan ló sì kà á parí nínú yàrá kan láìrí ojú olùkọ́. Láti ọdún mẹ́wàá, ìgúnpá òsì ló fi ń tẹ ojú ìwé mọ́lẹ̀ bí ó bá fẹ́ yẹ nǹkan wò níbi iṣẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ọjọ́ mẹ́rin."

"Bó bá sọ nù ńkọ́?"

"Mo ní ọjọ́ mẹ́rin. Mi ò ní márùn-ún."

Ọ̀rọ̀ yẹn yé Ó-Yá. Ó gbé ìwé náà fún un. Ní ọjọ́ kẹrin, ní wákàtí kan náà, ìwé náà padà dé, ó ti tún ẹ̀yìn rẹ̀ rán. Jẹ́jẹ́ gbé e kalẹ̀, ó ṣí i sí ẹ̀kọ́ kọkànlá, ìwé náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ lórí tábìlì, ó dúró bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ kàn án. Ó-Yá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó wo ìgúnpá òsì rẹ̀ tí kò níṣẹ́ mọ́. Bí a kò bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ọjọ́rú, bí iṣẹ́ bá ti parí ní aago mẹ́rin, Jẹ́jẹ́ á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Tẹlifíṣọ̀n tí Ó-Yá fi ń dán ẹ̀rọ wò wà lára ògiri ẹ̀yìn, àga méjì sì wà níwájú rẹ̀. Jẹ́jẹ́ á mú páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù, á gbá a títí di aago mẹ́fà, Ó-Yá á jókòó tì í, á máa bínú.

Ìbínú rẹ̀ nídìí. Arìnrìn-àjò Jẹ́jẹ́ ti dé iwájú ilẹ̀kùn kẹsàn-án láti ọdún méjì sẹ́yìn. Agbára rẹ̀ kún, idà rẹ̀ mú. Kò wọlé. Ó ń padà lọ pẹja ní odò. Ó ń já òdòdó. Ó ń fa ewúrẹ́ ìyá arúgbó kan kiri lórí òkè, ewúrẹ́ tó yẹ kó ti dá padà fún un tipẹ́. Bí ẹranko abàmì kan bá sì yọ sí i lójijì, á fò sókè lórí àga, á tẹ bọ́tìnì tí kò yẹ, á sì kú.

"Ilẹ̀kùn wà níwájú rẹ. Kí lò ń wá lọ sọ́dọ̀ ẹja?" Ó-Yá ti dẹ́kun àtimáa pè é ní ẹ ní oṣù kejì.

"Ẹja ò ṣẹ̀ mí."

"Fún mi ní páàdì yẹn, mo máa bá ọ parí rẹ̀ kí omi orí iná yìí tó hó."

"Mo mọ̀, ọ̀gá mi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fún ọ."

Òótọ́ ni. Ó-Yá mọ géèmù gbá. Ìka rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ kì í ṣìnà, kì í sì í ṣe ohun tí kò mú un dé ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n tó bá di nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀, tí oòrùn inú géèmù bá ń wọ̀, tí arìnrìn-àjò jókòó létí odò tí atukọ̀ sì ń sùn nínú ọkọ̀ rẹ̀, Ó-Yá á gbé orí lé èjìká ọkùnrin náà, kò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni yára.

"Kí ló dé tí o ò fẹ́ wọlé?" ni ó bi í lọ́jọ́ kan.

"Nítorí kò sí ìkẹwàá."

Oṣù mẹ́wàá kọjá lọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ó-Yá ti fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ ojú irin. Aago méjì ló wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀, ọ̀kan láti máa fi yẹ èkejì wò, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Bàbá Aago. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ọkùnrin rẹ yẹn, ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, Bàbá."

"Ó sì ń gbá géèmù."

"Ó ń gbá géèmù, Bàbá."

"Ìyẹn kò dùn mí. Ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù náà kì í ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́wàá ló ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ, kò sì tíì yọjú sí mi. Ọkọ̀ wo ló ń wọ̀ bọ̀?"

"Ó ní òun ń bọ̀, Bàbá."

"Ìwọ ọmọ yìí, gbọ́. Ọkọ̀ tó bá fi wákàtí kan pẹ́, a máa ń ní kí àwọn èrò fara dà á. Èyí tó bá fi oṣù mẹ́wàá pẹ́, a kì í sọ pé ó pẹ́ mọ́. A máa ń pa á rẹ́ kúrò lára pátákó ni. Bí oṣù yìí bá parí tí n kò rí i, má ṣe dárúkọ rẹ̀ fún mi mọ́."

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Ó-Yá sọ ọ́ fún Jẹ́jẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́. Jẹ́jẹ́ gbọ́. Ó mi orí. "Mò ń bọ̀ wá rí Bàbá," ni ó wí.

"Ìgbà wo?"

"Láìpẹ́."

"Láìpẹ́ kò sí lára kàlẹ́ńdà, olólùfẹ́ mi."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì padà sídìí ẹja rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ náà tún gbóná, ó tún kú, Jẹ́jẹ́ sì fi í sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kí Ó-Yá tún un ṣe.

Ó-Yá ní òfin méjì tí kò tíì rú rí. Èkíní, kì í dá ẹ̀rọ padà láìjẹ́ pé ó ti fi wákàtí méjì dán an wò lẹ́nu iṣẹ́ gan-an. Èkejì, kí ó tó dán an wò, ó ń kọ bí ó ṣe bá ẹ̀rọ náà sórí káàdì, ohun gbogbo, títí kan ohun tí kò jọ pé ó níláárí. Ó pààrọ̀ fáànù. Ó tan ẹ̀rọ náà, ó mú bírò, ó sì kọ ọ́ pé: *Iwájú ilẹ̀kùn kẹsàn-án. Agbára kún. Ẹja mọ́kàndínlógójì nínú agbọ̀n. Òdòdó aláwọ̀ búlúù mẹ́fà. Ewúrẹ́ kan, a kò tíì dá a padà. Fìlà pupa lórí.*

Lẹ́yìn náà ó mú páàdì.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìdánwò ni, pé ìjà ńlá ló ń mú kí ẹ̀rọ gbóná, pé lẹ́yìn ilẹ̀kùn sì ni ìjà ńlá wà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Kò sọ fún ara rẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kí oṣù náà parí. Ó bọ́ fìlà pupa kúrò lórí arìnrìn-àjò, nítorí kò wúlò fún nǹkan kan, ó dé àkẹtẹ̀ irin sí i dípò rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì wọlé. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Kò kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Géèmù náà sọ ìtàn ìkẹyìn rẹ̀, orúkọ àwọn tó ṣe é kọjá lọ, ó sì kọ òpin náà bo ibi tí Jẹ́jẹ́ bá a dé mọ́lẹ̀, nítorí àyè kan ṣoṣo ló ní láti fi tọ́jú ìrìn-àjò. Ìyẹn ni Ó-Yá kò mọ̀. Kò sí ohun tó mú kí ó fẹ́ mọ̀ ọ́n rí. Òun kì í padà sẹ́yìn.

Jẹ́jẹ́ dé ní aago mẹ́rin.

"Ó ti yá. Mo bá ọ parí rẹ̀," ni Ó-Yá wí. Ohùn rẹ̀ le ju bí ó ti fẹ́ lọ. "Ìṣẹ́jú mọ́kànlá, lẹ́yìn ọdún méjì."

Ọkùnrin náà jókòó. Ó wá ilẹ̀kùn náà nínú géèmù, kò rí i. Ó wá odò. Ibi tí gbogbo rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: *Ó parí.*

Kò pariwo. Ó gbé páàdì sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó yí okùn rẹ̀ po dáadáa bí ó ti máa ń ṣe.

"Ẹ ṣeun," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kó ṣì wà níbí ná."

Ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn kò ní èébú nínú. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni wọn kò ti ń pe ara wọn ní ẹ mọ́, Ó-Yá sì dúró sáàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ló wà.

Ọjọ́rú kan kọjá, Jẹ́jẹ́ kò wá. Èkejì kọjá. Oṣù parí. Bàbá Aago kò bi í léèrè, èyí sì burú ju ìbéèrè lọ.

Ó-Yá kò mọ bí a ti ń sunkún lórí nǹkan tó bá ṣeé túnṣe. Ní Ọjọ́rú kẹta, ní aago mẹ́rin, ó gbé káàdì iṣẹ́ náà ti ara tẹlifíṣọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ Alátùpà Kẹsàn-án láti ìbẹ̀rẹ̀, láti inú ilé ìlọkà. Ohun tó wà lórí káàdì ni yóò dá padà, kò ní fi ẹja kan dín in, kò ní fi kan lé e. Láti ọjọ́ náà, wákàtí méjì lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́.

Ìjà kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹja ló yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹja kì í gbọ́ ti ẹni tó ń kánjú. Ó ní láti jókòó létí odò, kó sì má ṣe nǹkan kan. Níbi tí ó jókòó sí bẹ́ẹ̀ ló ti gbọ́ pé atukọ̀ arúgbó náà ń kọrin lójú oorun, orin kan tó yàtọ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó wá òdòdó aláwọ̀ búlúù, ó sì rí i pé ẹsẹ̀ àwọn ilé gogoro tó wó nìkan ni wọ́n ń hù sí, ìyẹn ibi tí òun kì í wò bí òun bá ń sáré kọjá. Ewúrẹ́ náà ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìyá arúgbó náà bèèrè ewúrẹ́ rẹ̀, Ó-Yá kò dá a padà, nítorí káàdì sọ pé a kò tíì dá a padà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ méjì, òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí ewúrẹ́ náà lọ mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ohun gbogbo pé àfi ọ̀kan. Kò rí fìlà pupa. Ó wá gbogbo ilé, ó ṣí gbogbo àpótí, ó pa gbogbo ẹranko tó ṣeé pa. Fìlà kò sí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ibi tó wà.

Níbi tí wọ́n ti ń rán ìwé, obìnrin àgbàlagbà kan wà tó ń fi ẹ̀rọ alábẹ ńlá gé bébà. Gbogbo wọn ń pè é ní Ìyá Alábẹ. Òun ló kọ́kọ́ rí Ó-Yá lẹ́nu ọ̀nà.

"Jẹ́jẹ́! Ẹni tí o ń wo fèrèsé nítorí rẹ̀ láti ọjọ́ yìí ti dé o!"

"Mà, mi ò wo fèrèsé."

"Ìwé mẹ́ta ló ti fi orí rán sísàlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí," ni Ìyá Alábẹ wí fún Ó-Yá. "Ẹ wọlé, ọmọ mi. Ẹ bá wa mú un kúrò, kó tó rán ìka ara rẹ̀ mọ́wèé."

Jẹ́jẹ́ dìde. Òwú wà lẹ́yìn etí rẹ̀. Ó-Yá kò mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ yípo.

"Mo ti dá gbogbo rẹ̀ padà," ni ó wí. "Ẹja, òdòdó, ewúrẹ́. Ó ku fìlà. Níbo lo ti rí fìlà pupa?"

Ọkùnrin náà wò ó. "Gbogbo rẹ̀?"

"Mo kọ ọ́ sórí káàdì kí n tó bà á jẹ́. Mo ṣẹ̀ ọ́. Fìlà náà ńkọ́?"

Ojú ti Jẹ́jẹ́. Ó wo ilẹ̀, ó wo Ìyá Alábẹ tó ń díbọ́n bíi pé òun ò gbọ́. "Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí," ni ó wí. "Ejò orí mẹ́ta tó wà lórí afárá. Ó pa mí."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Bó bá pa èèyàn nígbà ogójì láìborí rẹ̀, atukọ̀ á wá pàdé rẹ lẹ́sẹ̀ afárá. Àánú á ṣe é. Á bọ́ fìlà orí rẹ̀ fún ọ."

Ìyá Alábẹ gbàgbé pé òun ń díbọ́n, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó-Yá náà gbìyànjú láti pa tirẹ̀ mọ́ra, kò ṣeé ṣe. Òun tí kò kú rí. Òun tó kọjá lórí ejò yẹn lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó ń kọjá lórí òkúta.

"Ìgbà ogójì," ni ó wí. "Ìwọ yìí!"

"Mo ní níwọ̀nba ni mo mọ̀ ọ́n gbá." Jẹ́jẹ́ náà ti ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín rẹ̀ dúró. "Mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá ní Sátidé tó kọjá."

"Bàbá ta?"

"Bàbá rẹ. Mo ní mo fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn bó bá ṣì fẹ́ mi. Wọ́n wo aago méjèèjì. Wọ́n ní kí ló dá mi dúró láti ọjọ́ yìí. Mo ní ọ̀nà náà ló ń dùn mọ́ mi, ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá wọlé, adùn ọ̀nà ti parí nìyẹn."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní ojú irin dára púpọ̀ láti máa wò, àwọn náà fẹ́ràn rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn èrò fẹ́ sọ̀kalẹ̀." Ó gún abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ páálí. "Wọ́n ní kí àwa méjèèjì wá lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, aago márùn-ún. Mo ní mi ò lè sọ pé àwa méjèèjì, torí mi ò mọ̀ bóyá o máa wá."

Ó-Yá na ọwọ́, ó yọ òwú kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀.

"Mi ò tíì dáhùn," ni ó wí. "Mo ṣì ní ikú ogójì láti kú. Wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú náà, aago mẹ́ta."

Kíkú nira fún un ju bí ó ti rò lọ. Ìka rẹ̀ ń jà fúnra wọn. Lẹ́ẹ̀mejì ló gbàgbé, tí ó ṣẹ́gun ejò náà, tí ó sì ní láti tún ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà ogún, ó dẹ́kun ìbínú. Nígbà ọgbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọkùnrin náà lójú inú, lórí àga rẹ̀, tí ejò ń jù ú sódò, tí ó ń dìde, tí ó tún ń gun afárá, láìsí ẹni tó ń wò ó, láìbínú sí ẹnikẹ́ni. Ó ti ń sọ ọ́ láti ọdún kan pé ọkùnrin yìí kì í parí nǹkan. Kò rò ó rí pé kì í fi nǹkan sílẹ̀. Nígbà ogójì, atukọ̀ arúgbó náà wá, ó bọ́ fìlà pupa rẹ̀, ó sì nà án sí i. Ó-Yá mú bírò, ó fàlà sí ohun tó kẹ́yìn lórí káàdì.

Ní ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́ta, Jẹ́jẹ́ jókòó sórí àga rẹ̀. Arìnrìn-àjò dúró níwájú ilẹ̀kùn kẹsàn-án. Ẹja mọ́kàndínlógójì. Òdòdó mẹ́fà. Ewúrẹ́ ń jẹko lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin náà wo gbogbo rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó padà sí orí òkè, ó dá ewúrẹ́ padà fún ìyá arúgbó náà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀tá ìkẹyìn pa á láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ó tún wọlé. Ó tún kú. Ó-Yá fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan kí wọ́n má bàa já páàdì gbà. Ó kú nígbà kẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún. Aago mẹ́rin lù. Ilé Bàbá Aago jẹ́ ìrìn ogún ìṣẹ́jú, ẹni tó bá sì dé ibẹ̀ ní márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú kan, ó pẹ́.

"Gbà, bá mi parí rẹ̀," ni Jẹ́jẹ́ wí, ó na páàdì sí i. "A máa pẹ́."

"Rárá. Mo ti parí tèmi. Dé àkẹtẹ̀ irin, ó kéré tán."

"Fìlà mi tẹ́ mi lọ́rùn."

Nígbà kẹjọ, ní aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, ọ̀tá náà ṣubú. Jẹ́jẹ́ tẹ bọ́tìnì tí kò yẹ nígbà tó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ti ṣubú kó tó tẹ̀ ẹ́. Kùrukùru ká kúrò. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn kò sí ààfin, kò sí ìṣúra. Ilé ìlọkà àtijọ́ nì ló wà níbẹ̀, níbi tí arìnrìn-àjò ti jí nínú apá kìíní, atukọ̀ sì jókòó nínú rẹ̀ níwájú àga kan tó ṣófo. Ó-Yá mọ ibi yìí. Arìnrìn-àjò á jókòó, àtùpà á kú, ó parí.

Ṣùgbọ́n atukọ̀ wo fìlà pupa tó wà lórí arìnrìn-àjò, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́, ó gba fìlà náà, ó dé e padà sórí ewú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tú ọkọ̀ rẹ̀ ní ìdè, ó fún arìnrìn-àjò ní àjẹ̀ kan, ó mú èkejì, àwọn méjèèjì sì jọ wà á lọ lórí odò tí kò ní kùrukùru mọ́.

"Ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ nígbà tèmi," ni Ó-Yá wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Àbí o bọ́ fìlà náà ni?"

"Mo bọ́ ọ. Kò wúlò fún nǹkan kan."

Jẹ́jẹ́ kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì wo orúkọ gbogbo àwọn tó ṣe é títí tó fi tán.

Ó-Yá dìde. Ó pa ẹ̀rọ náà. Ó fọwọ́ kan ìdérí rẹ̀: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbóná. Ó yọ okùn iná, ó yí i po. Ó mú káàdì, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: *A ti dán an wò. Ó ń ṣiṣẹ́.* Ó kọ déètì, ó sì fi káàdì náà sínú àpótí.

"O ò tíì dá mi lóhùn," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Wo ẹsẹ̀ mi."

Ó wò ó. Kì í ṣe bàtà iṣẹ́ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bàtà dúdú tó ń dán ni, èyí tí kì í wọ̀ àfi bó bá ń lọ síbi pàtàkì.

"Láti àárọ̀ ni mo ti wọ̀ ọ́," ni obìnrin náà wí. "Ẹja lò ń wò."

Ó pa iná. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó tì í wò lẹ́ẹ̀kan bí ó ti máa ń ṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún ló kù. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí òpópónà, ọwọ́ nínú ọwọ́, wọn kò sì sáré.